Orí Karùn-ún: Kọnkéré Ló Ń Di Bóòtù Mú

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé tánkì fún ara mi ní Ìlọrà, ọwọ́ ara mi ni mo fi lu ihò mẹ́rin sínú ìdí kọnkéré. Mo ki rọ́ọ̀lù bóòtù bọ̀ wọ́n, mo fi sípánà dè wọ́n títí irin fi ké. Inú mi dùn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò fi dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ irin kan ti gbéra nílẹ̀ tó ìbú ìka méjì. Bóòtù náà kò ṣẹ́, kò tẹ̀, kò dógùn-ún. Ó kàn yọ ni, bí eyín ọmọdé. Mo ki ìka bọ ihò náà, ìyẹ̀fun símẹ́ńtì ni mo bá níbẹ̀. Èmi tí mo lu ihò ni mo gbàgbé láti fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé bóòtù kì í di nǹkan mú. Kọnkéré tó yí i ká ló ń ṣiṣẹ́, okùn lásán ni bóòtù tí a fi so ẹrù mọ́ ọn. Ẹni tó bá ra bóòtù olówó gọbọi, tó wá kì í bọ kọnkéré tí kò dáa, okùn tó dára ló so mọ́ igi ìbẹ́pẹ.

Orí ìwé yìí wà fún wẹ́dà, bíríkìlà àti onílé, láti Fìdítì dé Ìlọrà, Akínmọ̀ọ́rìn, Awẹ́ àti Jóbèlé. Kò sí àdúgbò kan níbẹ̀ tí ẹ kò ti ní rí ìdúró tánkì, kánópì ṣọ́ọ̀bù, géètì, òpó iná tàbí irin tí wọ́n rì sójúde kí ọlọ́kadà má baà gba ibẹ̀ kọjá. Títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ náà kàn wá, nítorí ọgbọ́n kan náà ló gbé irin aláàbò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dúró. Màá dé ibẹ̀ tó bá yá.

Òkòtó inú kọnkéré

Ẹ rántí òkòtó tí à ń ta nígbà èwe, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Bí ẹ bá fi jáàkì fa bóòtù tí a rì sínú kọnkéré títí nǹkan kan fi já, tí irin rẹ̀ sì le, kọnkéré ni yóò bu. Yóò bá bóòtù jáde ní àwòrán òkòtó, ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí bóòtù parí sí, ẹnu rẹ̀ lókè níbi tí ojú kọnkéré wà. Bí òkòtó yẹn bá ṣe tóbi tó ni ẹrù tí bóòtù lè gbé ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí jíjìn ihò fi máa ń ṣe iṣẹ́ tí ìnípọn bóòtù kò lè ṣe. Bóòtù tó wọlé sẹ̀ǹtímítà 10 kì í ṣe ìlọ́po méjì èyí tó wọlé sẹ̀ǹtímítà 5. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta, nítorí bí òkòtó ṣe ń jìn ló ń fẹ̀.

Ẹnu òkòtó náà máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta jíjìn rẹ̀. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀: bóòtù tó wọlé sẹ̀ǹtímítà 10 ń fẹ́ kọnkéré sẹ̀ǹtímítà 15 sí apá ọ̀tún, 15 sí apá òsì, 15 síwájú, 15 sẹ́yìn. Bí etí kọnkéré bá sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti gé òkòtó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí bóòtù méjì bá sì sún mọ́ra ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, inú àwo kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun, kò sì sí èyí tí yóò yó nínú wọn.

Ẹ wo ìdúró tánkì ní àyíká yín. Bíríkìlà da ìdí òpó ní íǹṣì 9 níbùú lóròó, wẹ́dà gbé pléètì irin íǹṣì 8 dé, ó lu ihò sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo ihò wá bọ́ sétí bèbè. Bí wọ́n ṣe ń dè é ni igun kọnkéré ń bu. Wẹ́dà á ní iyanrìn ló pọ̀ jù, bíríkìlà á ní wẹ́dà kò mọ sípánà dì. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi, torí wọn kò jọ wọn iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó po símẹ́ńtì. Fún pléètì íǹṣì 8, ìdí òpó tó bá kéré sí íǹṣì 16 kò tó nǹkan lójú tèmi.

Ohun mìíràn tí àwọn onílé kì í fọkàn sí ni pé tánkì tó kún kọ́ ló ń fa bóòtù tu. Lítà 1,000 omi jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gbáko. Ẹrù yẹn ń tẹ ìdúró mọ́lẹ̀ ni, bóòtù sì lè máa sùn. Ọjọ́ tí omi tán nínú tánkì, tí ìjì wá dé, ni bóòtù ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Tánkì tèmi ṣófo lóru ọjọ́ yẹn.

Bóòtù tó bá kọnkéré dàgbà

Bí ẹ bá ní àǹfààní àtiyàn, ẹ rì bóòtù kí ẹ tó da kọnkéré. Kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Ẹ mú rọ́ọ̀dù tí a ti gé ojú sókùúrú lórí rẹ̀, ẹ tẹ ìdí rẹ̀ bí orí ọ̀pá Fúlàní tàbí kí ẹ jó pléètì kékeré mọ́ ọn, kí kọnkéré lè rí nǹkan gbá mú. Ẹ lu ihò mẹ́rin sí pákó pẹlẹbẹ kan gẹ́gẹ́ bí ihò pléètì ìdúró ṣe rí gan-an, ẹ ki bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀ ọ́, ẹ fi nọ́ọ̀tì dì wọ́n lókè àti nísàlẹ̀ pákó. Pákó yẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n yà síra nígbà tí bíríkìlà bá ń gún kọnkéré. Ẹ fi gíríìsì pa ojú sókùúrú, ẹ fi ọ̀rá wé e. Mo ti rí wẹ́dà tó fi odindi ọ̀sán kan ha símẹ́ńtì kúrò lójú bóòtù, tó ń ṣépè fún bíríkìlà tó ti lọ sílé.

Símẹ́ńtì kan sí iyanrìn méjì sí gíránáìtì mẹ́rin, kí omi má pọ̀. Ẹ da àpò bò ó, ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7. Lọ́jọ́ keje yẹn, agbára rẹ̀ kò tíì ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ọjọ́ 28 ni a ń kà kí a tó sọ pé kọnkéré ti gbó. Oníbàárà tó ń sọ pé lọ́la ni òun fẹ́ gbé tánkì sókè, ẹ jẹ́ kó bínú.

Ihò lílu

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa kì í rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Kọnkéré ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pè wá. Rọ́ọ̀lù bóòtù ni à ń lò níbẹ̀, orúkọ náà sì ní ìtàn. John Joseph Rawlings, kọngílá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ní kó so nǹkan iná mọ́ ògiri British Museum láì ba ògiri náà jẹ́. Ní 1911 ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ jáde: ó fi okùn jute àti ẹ̀jẹ̀ ẹran ṣe ọ̀pá kékeré oníhò kan, tó máa ń wú fún ihò nígbà tí sókùúrú bá wọ inú rẹ̀. Artur Fischer ní Jámánì ló wá fi náílọ́ọ̀nù ṣe irú rẹ̀ ní 1958, òun ni baba èyí tí oníná ń kì bọ ògiri lónìí. Ti irin tó ń gbé ẹrù wúwo, ìlànà kan náà ni: bí ẹ bá ṣe ń dè é ni ìdí rẹ̀ ń wú, tó ń fi èjìká ti ògiri ihò.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ èdè ọjà. Ẹni tó béèrè bóòtù 19, nọ́ńbà sípánà ló pè yẹn, ìnípọn bóòtù fúnra rẹ̀ jẹ́ mílímítà 12. Bóòtù 17 jẹ́ mílímítà 10, bóòtù 24 jẹ́ mílímítà 16. Ẹ má wá fi nọ́ńbà sípánà ra bíìtì dírílì. Rọ́ọ̀lù bóòtù tó ní àpò irin lára ń fẹ́ ihò tó fẹ̀ ju bóòtù lọ: èyí tí bóòtù rẹ̀ jẹ́ 12 sábà máa ń gba bíìtì 20. Èyí tí kò ní àpò, tó jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo tí òrùka kékeré wà nídìí rẹ̀, bíìtì tó bá a dọ́gba ló ń gbà, 12 fún 12. Ẹ fi bóòtù náà wọn bíìtì níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Ẹ wé téépù mọ́ bíìtì níbi tí jíjìn ihò yóò dé, kí ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan kún un fún eruku tí yóò kù nídìí. Ẹ lu ihò náà gbọọrọ, kó má dagun. Bí bíìtì bá kan rọ́ọ̀dù inú kọnkéré, ẹ ó gbọ́ ọ: ohùn rẹ̀ á yí padà, eruku á dáwọ́ jíjáde dúró. Ẹ má gé rọ́ọ̀dù yẹn, òun ló di bíìmù mú. Ẹ fi kọnkéré líle dí ihò àkọ́kọ́, kí ẹ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Eruku wá kàn. Kì í ṣe ẹnu ni a fi ń fẹ́ ihò, ojú yín ni yóò padà wọ̀. Pọ́ǹpù bọ́ọ̀lù tí ẹ so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lẹ́nu tó. Ẹ ki rọ́bà náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin róbótó gbá ara ihò, ẹ tún fẹ́ ẹ. Ẹ ó rí i pé èyí tó jáde lẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ó sì kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Èyí tó kúnná yẹn gan-an ló ń sọ ihò di yíyọ̀. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọkanáísà wá, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó fẹ́ sójú òfìfo díẹ̀, torí òróró àti omi máa ń bá afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ wọ gíláàsì, ẹ fi nǹkan bo imú. Eruku kọnkéré kì í kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ fi hámà gbá bóòtù wọlé, ẹ dè é. Sípánà lásán pẹ̀lú ọwọ́ ọkùnrin kan tó. Àwọn tó ń ki páìpù bọ ìdí sípánà kó lè gùn, kọnkéré ni wọ́n ń là lábẹ́lẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá ń yí láì le, ihò náà ti fẹ̀ jù, ẹ má tàn ara yín jẹ, ẹ lọ sí ibòmíràn.

Géètì àti kánópì tí wọ́n bá so mọ́ búlọ́ọ̀kù oníhò kò sí lára gbogbo èyí. Kò sí kọnkéré nínú ihò búlọ́ọ̀kù tí bóòtù yóò ti èjìká sí, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ló máa fọ́. Ẹ ki bóòtù gba ògiri já, kí ẹ fi pléètì sí ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kí ẹ da kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù náà, kí ẹ tó mú dírílì.

Gọ́ọ̀mù

Gọ́ọ̀mù tí a ń po méjì pọ̀ láti fi di bóòtù mú nínú ihò dára nítòsí etí kọnkéré, torí kì í ti ògiri ihò bí rọ́ọ̀lù bóòtù. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ike rẹ̀. Ẹ da èyí tó kọ́kọ́ jáde nù títí àwọ̀ méjèèjì fi di ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ ihò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún un. Nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà ní ọ̀sán gangan, ó lè le kí ẹ tó yí bóòtù wọlé tán, àárọ̀ ni kí ẹ fi ṣe é.

Ibi tí mo ti ń kọ̀ ọ́ ni òrùlé, níbi tí ẹrù ti ń fà á sísàlẹ̀ tọ̀sán tòru. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 10 oṣù Agẹmọ 2006, pẹlẹbẹ kọnkéré jábọ́ láti àjà ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ sórí ọkọ̀ kan, obìnrin kan kú. Gọ́ọ̀mù ló di bóòtù rẹ̀ mú. Àwọn tó wádìí rẹ̀ rí i pé irú gọ́ọ̀mù tó ń tètè gan ni wọ́n lò, ó sì ń rọra fà gùn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù tí kò sinmi, bíi súìtì tó wà lẹ́nu. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 2 oṣù Ọ̀pẹ 2012, àjà ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ Sasago ní Japan wó, ènìyàn 9 kú. Gọ́ọ̀mù ló di bóòtù tiwọn náà mú, láti 1977 ni wọ́n sì ti ṣí ọ̀nà ọ̀hún. Ẹni tó bá fẹ́ so fáànù ilé ìjọsìn tàbí kánópì mọ́ abẹ́ dẹ́kìn, kó rì bóòtù kí wọ́n tó da dẹ́kìn, tàbí kó lù ú já kó fi pléètì dì í lókè.

Ẹ̀gbẹ́ títì

Títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kì í ṣe ọ̀nà tí a ń fojú kéré. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ló dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, pẹ̀lú akitiyan Wọlé Ṣóyínká, ọdún 11 kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988. Irin aláàbò tí ẹ ń rí níbi kọ́lọ́fín àti létí afárá, tó rí gẹ̀lẹ̀tẹ̀ bí páànù tó ní igun méjì, kì í dá ọkọ̀ dúró bí ògiri ṣe ń dá a dúró. Ó ń tẹ̀, ó ń fà gbọọrọ bí okùn, ó ń tì ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà. Okùn kì í sì ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé orí rẹ̀ méjèèjì so mọ́ nǹkan. Nítorí náà, òpin irin náà ló ṣe pàtàkì jù, níbi tí wáyà tàbí ìdákọ̀ró kọnkéré ti dì í mọ́lẹ̀. Irin tí orí rẹ̀ wà ní gbangba láìsí ìdí, ọ̀kọ̀ ni fún ọkọ̀ tó bá forí sọ ọ́.

Irin kọ̀ọ̀kan gùn ní nǹkan bíi mítà 4, wọ́n sì gùn lé ara wọn níbi tí wọ́n ti pàdé. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Irin tí ọkọ̀ kọ́kọ́ dé gbọ́dọ̀ wà lókè, kí etí rẹ̀ máa kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, bí ìpẹ́ ẹja ṣe ń tò láti orí sí ìrù. Bí wọ́n bá tò ó lódì, etí irin náà á ki bọ́dì ọkọ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù Igbe 1972 tí a ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ dúró sí èjìká títì ní apá ọ̀tún, kí ẹ kọjú síbi tí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín ń lọ, ẹ ó mọ̀ bóyá wọ́n tò ó dáadáa.

Ògiri kọnkéré ti àárín títì, èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí orí rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ìpínlẹ̀ New Jersey ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 81, gígẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà kí táyà lè gun orí rẹ̀ díẹ̀ kí ó tó yọ̀ padà. Mítà kan rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 600, síbẹ̀ bí a bá tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan láì fi irin so wọ́n pọ̀, tírélà á tì í lọ bí àga. Ẹ wá wo dúrọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ àdúgbò da kọnkéré sí, tí wọ́n gbé sójú títì kí ọkọ̀ lè rọra sáré. Kò dì mọ́ nǹkan kan, kò ní àmì iná lóru, ẹni tó bá kọlù ú kò ní mọ ẹni tí yóò pè lẹ́jọ́. Títì ìjọba àpapọ̀ ni. Bí ọ̀nà bá ń pa yín lára, FERMA, àjọ tó ń tún títì ìjọba àpapọ̀ ṣe, àti FRSC ni kí ẹ kọ̀wé sí, pẹ̀lú àwòrán.

Àwọn tó ń ta ọsàn ní Fìdítì máa ń ní kí n rì irin síwájú ìsọ̀ wọn. Ìyá kan bi mí lọ́dún kan pé, "Bọ̀dá wẹ́dà, irin yìí yóò dá tírélà dúró?" Mo ní, "Rárá, Ìyá. Á dá ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwà dúró. Ti tírélà, ẹ sún ìsọ̀ sẹ́yìn." Ó kọ́kọ́ yọ ṣùtì sí mi, ó sì sún un sẹ́yìn. Ohun tó kù ni ibi tí a ó rì irin náà sí. Ọmọṣẹ́ mi ti fi dírílì sórí ìdérí kọ́tà. Ìdérí yẹn kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ihò tó jìn tó 10 á gbà á já, èyí tó bá sì jìn tó 5 kò lè mú irú irin bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹ máa wá kọnkéré tó nípọn tó ìlọ́po méjì ihò yín. A kọ̀ ọ́, a gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ lẹ́yìn kọ́tà, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní jíjìn, a da kọnkéré, a rì páìpù sínú rẹ̀. A jẹ́ kí orí kọnkéré náà gẹ̀rẹ́ kí omi má dúró sí ìdí irin, torí ojú ilẹ̀ gan-an ni páìpù ti ń dógùn-ún.

Ẹ padà lọ wo iṣẹ́ yín lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ mú sípánà dání. Bí nọ́ọ̀tì bá yí ju ìlàjì lọ kó tó le, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ títì, ibi tí irin méjì ti pàdé ni kí ẹ dúró sí. Bóòtù 8 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tú u tà fún oní-kóńdẹ́ẹ̀mù máa ń fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀ kí irin má baà ṣubú lójú ọ̀sán. Ẹ ka ihò tó ṣófo, kí ẹ kọ nọ́ńbà òkúta máìlì tó sún mọ́ ọn sílẹ̀.